Kí lẹ ń retí láti gbọ́ nínú orin ẹ̀mí òde òní?

Aṣíwájú_Orin (Òṣogbo), ọjọ́ Ajé, aago 9:14 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Mo ní ìbéèrè kan, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ dá mi lóhùn láti inú yín wá, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn dáadáa lánàá.

Èmi ni mò ń darí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kékeré kan níbí. Àwa mẹ́rìndínlógún ni. Lánàá, ní àkókò ìyìn, orin ti wọ̀ wá lára, kíbọ́ọ̀dù ń ké, àkúbà ń dún, a sì ń kọ irú orin tó gbòde báyìí: ọdún yìí lọdún tiwa, ọ̀tá ti ṣubú, ilẹ̀kùn ti ṣí. Gbogbo ilé ti dìde. Ìyá kan ṣoṣo ló jókòó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ló sin ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí gèlè rẹ̀ mú, ó ń wo ilẹ̀. Mo yẹ inú ìwé tí mo kọ orin ọjọ́ náà sí wò, mo ń wá èyí tí mo lè lé kó lè bá wa gbè é. Orin mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀. Kò sí ọ̀kan tí ìyá náà lè kọ láìpurọ́ níwájú Ọlọ́run.

Mo parí ìsìn, mo lọ kí i, ó ní, "Ẹ ṣeun, ọmọ mi, ẹ kọrin dáadáa." Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ẹ jọ̀wọ́, tí ẹ bá ṣí rédíò tàbí YouTube, kí lẹ máa ń wá nínú orin ẹ̀mí? Kí lẹ ń retí tí ẹ kì í gbọ́? Ẹ má ro ti pé akọrin ni mí. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ìyá_Ìbejì_Mọ́kọ́lá (Ìbàdàn), ọjọ́ Ajé, aago 9:52 alẹ́

Ọ̀gá akọrin, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ẹ bá mi kí ìyá yẹn, Ọlọ́run á tù ú nínú.

Ní ṣọ́ọ̀bù mi, rédíò kì í dákẹ́ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ń ṣú. Ohun tí mò ń wá kò pọ̀: kí n mọ ohun tí olórin ń bá Ọlọ́run sọ. Ẹ rántí orin "Ọdún ń lọ sópin" tí ẹgbẹ́ akọrin àwọn obìnrin rere ti CAC níbí kọ láyé kásẹ́ẹ̀tì. Títí dòní, tó bá ti di oṣù Kejìlá, kò sí àdúgbò tí ẹ ò ti ní gbọ́ ọ. Ẹ tẹ́tí sí i dáadáa. Àdúrà ni. Àwọn ìyá dúró síwájú Bàbá wọn bí ọdún ṣe ń parí lọ, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ lè kọ ọ́, ẹni tó ń ṣe ìkómọ lè kọ ọ́, èmi tí mi ò tíì tajà láti àárọ̀ lè kọ ọ́.

Ẹ wo èyí tó pọ̀ nínú orin tó ń jáde báyìí, ọ̀tá ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni mo wá, olórin ní kí n kọjú sí ọ̀tá. Ohun tí mò ń retí ni kí wọ́n dá ojú mi padà sọ́dọ̀ Rẹ̀.

Kíbọ́ọ̀dù_Kékeré (Ìlọrin), ọjọ́ Ajé, aago 10:20 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ, ẹ jẹ́ kí n tètè bẹ̀bẹ̀ fún àwa ọ̀dọ́ kó tó di pé ẹ dá wa lẹ́bi.

Wọ́n máa ń ní orin wa kò lọ́rọ̀ nínú, pé gbólóhùn kan la ó máa tún kọ fún ogún ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Sáàmù 136. Ẹsẹ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, gbogbo wọn ló sì fi àánú Rẹ̀ tó dúró láéláé parí. Ẹni tó kọ ọ́ kò ṣàìní ọ̀rọ̀. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í wọlé lẹ́ẹ̀kan.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017 tí olórin ẹ̀mí Nathaniel Bassey bẹ̀rẹ̀ ìpèníjà Halelúyà, ìyìn ọ̀gànjọ́ òru, lórí Instagram, ọmọ ilé-ìwé ni mí. Láago méjìlá òru, mo máa ń wọ abẹ́ aṣọ ìbora pẹ̀lú fóònù kí n má bàa jí àwọn tí a jọ wà ní yàrá. Ìdánwò ti já mi kulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò sì tíì sọ fún bàbá mi. Mi ò ní ọ̀rọ̀ kankan láti bá Ọlọ́run sọ. "Halelúyà" nìkan ni mo lè wí, mo sì ń wí i títí aago kan fi lù. Ká ní wọ́n gbé orin ẹsẹ mẹ́fà fún mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò bá ti sùn.

Nítorí náà, ohun tí èmi ń retí ni àyè. Kí olórin fi àyè sílẹ̀ fún mi láti gbàdúrà tèmi nínú orin tirẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Mọ́kọ́lá (Ìbàdàn), ọjọ́ Ajé, aago 10:31 alẹ́

Ọmọ mi, o ò jẹ̀bi. "Halelúyà" tí o ń wí lábẹ́ aṣọ ìbora yẹn, Ọlọ́run lò ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tí mo ní lọ́kàn náà nìyẹn. Ṣé bàbá ti wá gbọ́ nípa ìdánwò náà?

Kíbọ́ọ̀dù_Kékeré (Ìlọrin), ọjọ́ Ajé, aago 10:34 alẹ́

Wọ́n ti gbọ́ mà. Wọn ò bínú tó bí mo ṣe rò.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Peckham (Lọ́ńdọ̀nù), ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:40 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ láti ìlú òyìnbó. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní, ibí ni wọ́n bí gbogbo wọn sí. Kò sí ibòmíràn tí wọ́n ti ń gbọ́ Yorùbá tó gùn ju gbólóhùn kan lọ bí kò ṣe nínú orin ìjọ. Èmi àti ìyá wọn máa ń gbìyànjú nílé, ṣùgbọ́n òyìnbó ni wọ́n fi ń dá wa lóhùn.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọrin níbí dáa, ẹ̀bùn wà lára wọn. Àmọ́ orin náà á jẹ́ òyìnbó láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n á wá ju "Olúwa, ẹ ṣé" sí i lópin bí ìgbà tí èèyàn wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀. Mi ò bínú sí òyìnbó inú orin. "Way Maker" tí Sinach gbé jáde ní 2015, òyìnbó ni, Nàìjíríà ló ti wá, àwọn aláwọ̀ funfun ní ìjọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ń kọ ọ́, ó sì gba ẹ̀bùn orin ọdún níbi àmì-ẹ̀yẹ Dove ní Amẹ́ríkà ní 2020. Mo rò pé ohun tó mú un lọ jìnnà ni pé ó gbà pé ìgbà mìíràn wà tí a kì í rí iṣẹ́ Ọlọ́run lójú, tí a kì í sì í mọ̀ ọ́n lára. Ìyá Òṣogbo yẹn lè kọ irú èyí.

Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń retí ni Yorùbá tó mọ́ gaara, tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè gbé lọ sílé. Ọmọ mi kejì bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ni "atẹ́rẹrẹ káríayé". Ìdajì wákàtí la fi jókòó lé e. Mo ní kó tẹ́ ẹní sílẹ̀ kó rí bó ṣe ń tẹ́ rẹrẹ. Ó tẹ́ ẹ, ó wo ẹní, ó wo mí, ó ní, "Dé gbogbo ayé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Inú oríkì Ọlọ́run ni Yorùbá mi wà jù. Bí àwọn olórin bá fi oríkì sílẹ̀, n ò mọ ibi tí àwọn ọmọ yìí á ti rí i.

Bàbá_Dùùrù (Abẹ́òkúta), ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 11:05 àárọ̀

Mo kí gbogbo yín. Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi tẹ dùùrù kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí etí mi ń retí. Ó lè gùn díẹ̀.

Èdè wa, orin ni fúnra rẹ̀. Dò, re, mí wà lára gbogbo ọ̀rọ̀ kí olórin tó fọwọ́ kàn án. Nígbà tí àwọn ajíhìnrere yí orin òyìnbó sí Yorùbá, ohùn orin òyìnbó náà ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ohùn yẹn kò sì mọ ohun tí ọ̀rọ̀ wa ń sọ. Ó ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń gòkè. Kódà bí ohùn bá bá ẹsẹ kìíní mu, ẹsẹ kejì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ẹsẹ kẹta ní tirẹ̀. Àwọn bàbá wa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìgbàgbọ́ wọn sì gbé wọn ró, ṣùgbọ́n etí wọn mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é.

Àwọn kan kò dákẹ́ sí i. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti ìlú wa níbí, bàbá bàbá Fẹlá, fi ohùn ilẹ̀ wa kọ orin ìjọ, ó sì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, níbi tí ilé-iṣẹ́ Zonophone ti gba orin rẹ̀ sínú rẹ́kọ́ọ̀dù. Ẹ ronú sí i, ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. T. K. E. Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Marina l'Ékòó, kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953, ohun tó sì ń wí níbẹ̀ kò yàtọ̀: kí ohùn orin máa tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Ogun tí wọ́n ti jà ni àwọn ọmọ wa tún ń pàdánù báyìí, nítorí kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbọ́, wọ́n á mú ohùn láti ibẹ̀, wọ́n á wá máa wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa kì bọ̀ ọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan mú orin tuntun wá sílé mi lọ́dún tó kọjá. Ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ ni "Ogún mi wà lọ́wọ́ Jésù." Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ojú kan náà ló fi "o" àti "gún" sí, kò gbé e sókè. Ohun tó jáde ni "Ogun mi wà lọ́wọ́ Jésù." Ìyàwó mi ń ṣa ẹ̀wà ní ilé ìdáná, ó béèrè láti ibẹ̀ pé ta ni Jésù ń bá ọmọ náà jà. Mo ní kó gbé "gún" sókè díẹ̀, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tún un kọ. Ìyàwó mi ní, "Àmín o, tèmi náà wà lọ́wọ́ Rẹ̀."

Ẹ rí i pé a kò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un, a kò sì yọ ọ̀kan kúrò. Ohun tí mò ń retí nìyẹn. Kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà sókè lásán ní ìgbà mẹ́wàá kí wọ́n tó kọ ọ́ lórin. Orin á yọjú fúnra rẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀.

Onímáìkì (Ìkòròdú), ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 1:17 ọ̀sán

Bàbá, ẹ kú ìmọ̀. Èmi ni mo máa ń wà nídìí ẹ̀rọ ohùn. Ẹ jẹ́ kí n fi kinní kan kún un: bí ohùn bá bá ọ̀rọ̀ mu tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ọ̀rọ̀, òfo ni.

Ní ọ̀pọ̀ ìjọ tí mo ti ṣiṣẹ́, onílù fẹ́ gbọ́ ara rẹ̀, oníkíbọ́ọ̀dù fẹ́ gbọ́ ara rẹ̀, onígìtá báàsì fẹ́ kí àyà ìjọ mì. Olórin á wá máa pariwo kó lè borí wọn, ariwo kì í sì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yéni. Mo máa ń ṣe ohun kan: mo máa ń rán ọmọdé kan lọ sí àga ìkẹyìn, mo ní kó wá sọ ohun tí wọ́n ń kọ fún mi. Bí kò bá lè sọ ọ́, mo máa ń dín kíbọ́ọ̀dù kù, mo máa ń dín báàsì kù, mi ò ní fi kún ohùn olórin. Wọ́n á bínú sí mi. Ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn àgbàlagbà tó ń jókòó lẹ́yìn á wá kí mi.

Àwọn tó ń gbà á sílẹ̀ ní sítúdíò náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dín ìró tó ń dún padà lẹ́yìn ohùn kù. Àpèjúwe ọ̀run ló máa ń jọ létí yín, ṣùgbọ́n ó ń gbé "ṣ" àti "s" lura wọn.

Ẹlẹ́rìí_Ayọ̀ (Adó-Èkìtì), ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 4:48 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ará, mo gbọ́ gbogbo yín, ṣùgbọ́n àyà mi ń já pé kí ọ̀gá akọrin má lọ fi ijó sílẹ̀.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi wà lórí ibùsùn ọsibítù. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n máa lọ sílé, orin tí mo ní kí àbúrò mi fi sí i nínú ọkọ̀ kì í ṣe orin pẹ̀lẹ́. Túngbá ni. Yínká Ayéfẹ́lẹ́ ló kọ ọ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé jàǹbá ọkọ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí i ní 1997 tí kò fi lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn mọ́. Láti inú ìrora yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orin tirẹ̀ jáde, orin yẹn ló sì ti mú ìlú jó láti ọdún yìí wá. Orí kẹ̀kẹ́ ló jókòó sí tó ń mú àwa tí ẹsẹ̀ wa pé jó. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní kí n yọ̀, mo máa ń gbà, nítorí mo mọ ohun tó ná an.

Nítorí náà, kì í ṣe pé orin ìyìn ti pọ̀ jù. Ohun tí mo máa ń retí ni kí n gbọ́ ẹni tó kọ ọ́ nínú rẹ̀. Ìṣẹ́gun tí olórin kò sọ ogun rẹ̀ fún mi, mi ò lè bá a yọ̀ dénú.

Ọmọ_Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 8:02 alẹ́

Mo kí yín láti Àjàṣẹ́. Ọmọ ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run wá ni mí, ìlú wa níbí ni Ọ̀ṣọ́fà ti dá a sílẹ̀ ní 1947. Nínú ìjọ wa, a gbà pé Ẹ̀mí ló ń fúnni lórin, a sì ń kọ ọ́ ní Gùn àti ní Yorùbá. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ: àwọn olórin tuntun máa ń mú orin ìjọ, tiwa àti ti Kérúbù, wọ́n á fi ìlù tuntun sí i, wọ́n á gbé e jáde bí ẹni pé àwọn ló ni ín. Mo ń retí kí wọ́n máa dárúkọ ibi tí wọ́n ti rí i. Ẹni tó bá gbọ́ á lè padà lọ síbẹ̀, á rí i pé àwọn tó gbé orin náà wá máa ń kọ ọ́ lórí eékún wọn láìwọ bàtà.

Tísà_Ọjọ́_Ìsinmi (Ilé-Ifẹ̀), ọjọ́rú, aago 7:25 àárọ̀

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ kan jáde tí gbogbo wa gbọ́ ariwo rẹ̀ ní 2021: oníduró. Orin kan pe Ọlọ́run ní oníduró, gbajúmọ̀ olórin kan ní ọ̀rọ̀ náà kéré sí Ọlọ́run, ni ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, wọ́n ti parí rẹ̀, orin wọn sì ń ṣe àwọn ìjọ lóore. Ohun tó dùn mí ni pé èébú ni a fi lo àǹfààní tí a ní láti kẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ wò ó. Àbúrò mi kan bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́pàá nígbà kan nítorí ìjà tí kò mọ ọwọ́ mọ ẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Mo dúró níwájú káńtà láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní mi ò ní ilé, mi ò ní ilẹ̀, mi ò lè dúró fún un. Ẹ̀gbọ́n ìyá wa kan ló wá láti Mọdákẹ́kẹ́, ó mú ìwé ilẹ̀ rẹ̀ dání nínú ọ̀rá. Ó fọwọ́ sí i. Ó tumọ̀ sí pé bí ọmọ yìí bá sá, òun ni wọ́n máa mú. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nígbà tó ń kọ orúkọ rẹ̀. Oníduró nìyẹn. Ẹni tó fi ara rẹ̀ sí àyè ẹlòmíràn.

Bíbélì wa pàápàá lo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Hébérù 7:22 pe Jésù ní onígbọ̀wọ́ májẹ̀mú tó dára jù. Nínú Sáàmù 119:122, onísáàmù bẹ Ọlọ́run pé kó ṣe onígbọ̀wọ́ fún ìránṣẹ́ Rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò kéré. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní Ọlọ́run ju bẹ́ẹ̀ lọ kò ṣì wí náà: ẹ̀gbọ́n ìyá wa ń gbọ̀n, Ọlọ́run kì í gbọ̀n.

Ohun tí mò ń retí nìyí: orin tó lo ọ̀rọ̀ inú ayé wa, ọ̀rọ̀ ọjà, ọ̀rọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀rọ̀ oko, kí olórin sì ti ronú jinlẹ̀ sí i kó tó gbé e sẹ́nu wa. Orin ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ fi mọ Ọlọ́run. Wọ́n gbàgbé ẹ̀kọ́ mi kí wọ́n tó délé, wọn kì í gbàgbé orin.

Aṣíwájú_Orin (Òṣogbo), ọjọ́rú, aago 12:10 ọ̀sán

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ẹlẹ́rìí, mi ò ní fi ijó sílẹ̀. Tísà, mo ka tiyín fún ìyàwó mi, ó sunkún.

Ṣùgbọ́n mo ṣì wà níbi tí mo wà. Ọjọ́ Àìkú ń bọ̀, ìyá náà máa wá, nítorí kì í pa ìsìn jẹ. Kí ni kí n lé?

Arábìnrin_Ìjẹ̀bú (Ìjẹ̀bú-Òde), ọjọ́rú, aago 10:56 alẹ́

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń kà yín tí mi ò lè kọ nǹkan kan.

Ọkọ mi kú ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. A ti gbààwẹ̀, a ti gbàdúrà òru, pásítọ̀ ti ta òróró sí i lórí. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo padà sí ìjọ, gbogbo orin tí wọ́n ń kọ ń sọ pé Ọlọ́run kì í jáni kulẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ náà kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá. Mo ń mi ètè lásán kí àwọn èèyàn má bàa wò mí.

Sáàmù 13 ló gbà mí. Nínú ẹsẹ méjì àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Dáfídì béèrè pé yóò ti pẹ́ tó. Kò sẹ́ni tó pe Dáfídì ní aláìnígbàgbọ́. Mo wá rò ó pé, bí èyí bá wà nínú Bíbélì, èé ṣe tí kò sí lẹ́nu akọrin wa? Nínú orin tí mo mọ̀, gbogbo ẹni tó kan ilẹ̀kùn ni wọ́n ti ṣí i fún. Ta ló máa kọrin fún ẹni tó ṣì dúró síta?

Mi ò kì í ṣe olórin. Mo kọ èyí sẹ́yìn káńdà ìwé àdúrà mi lọ́dún náà, mi ò fi han ẹnikẹ́ni rí. Ọ̀gá akọrin, bó bá wúlò fún yín, ẹ mú un.

*Mo kanlẹ̀kùn, mo tún kàn,*
*Ilẹ̀ ṣú bá mi lẹ́nu ọ̀nà.*
*Baba, mo ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ Rẹ nínú ilé,*
*N ò ní kúrò lẹ́nu ọ̀nà.*

Bàbá_Dùùrù (Abẹ́òkúta), ọjọ́bọ̀, aago 5:50 àárọ̀

Ọmọ mi, Ọlọ́run tó gbọ́ ti Dáfídì gbọ́ tìrẹ. Mo ti wà nídìí dùùrù láti aago mẹ́rin.

Aṣíwájú, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ má yá ohùn láti ibì kankan fún un. Ẹ kà á sókè, ohùn ti wà níbẹ̀. "Mo kanlẹ̀kùn" bẹ̀rẹ̀ láàárín, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ títí dé "kùn", bí ọwọ́ tó ń já wálẹ̀ lára ilẹ̀kùn. "Mo tún kàn" gbéra lórí "tún", ó tún já wálẹ̀. Ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù ni "ẹnu ọ̀nà". Dò dò ni "ọ̀nà", ìsàlẹ̀ ni kó wà ní ìgbà méjèèjì. Ó máa ń wu akọrin láti gbé òpin orin sókè kí ìjọ lè pàtẹ́wọ́. Bí ẹ bá gbé e sókè, "ọ̀nà" á di "ọnà", á wá dà bíi pé ọnà ara ilẹ̀kùn ló ń wò. Ẹ jẹ́ kó parí nísàlẹ̀. Inú òkùnkùn ló ṣì dúró sí.

Kó máa ní ìlù ní ẹ̀ẹ̀kan àkọ́kọ́.

Kíbọ́ọ̀dù_Kékeré (Ìlọrin), ọjọ́bọ̀, aago 7:08 àárọ̀

Bàbá, ṣé "kó máa" ni ẹ fẹ́ kọ tàbí "kó má"?

Bàbá_Dùùrù (Abẹ́òkúta), ọjọ́bọ̀, aago 7:15 àárọ̀

Kó má ní ìlù. Ẹ ṣeun. Ẹ rí i bí lẹ́tà kan ṣe lè ba nǹkan jẹ́.

Kíbọ́ọ̀dù_Kékeré (Ìlọrin), ọjọ́bọ̀, aago 7:21 àárọ̀

Mo ti gbìyànjú rẹ̀. Mi ò tẹ kọ́ọ̀dù kankan, ohùn ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo ni mo dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo kọ ìlà ìkẹyìn títí mi ò fi mọ iye ìgbà mọ́. Àyè tí mò ń wí lọ́jọ́ Ajé wà nínú rẹ̀. Arábìnrin, ẹ ṣeun mà.

Aṣíwájú_Orin (Òṣogbo), ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 8:37 alẹ́

Mo ní kí n má dúró di ọ̀la kí n tó jábọ̀ fún yín.

Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé ojú gbogbo ìjọ ni ìyá náà ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Nítorí náà, èmi àti àwọn akọrin méjì lọ sílé rẹ̀ nírọ̀lẹ́ òní. Iná kò sí. Ó tan àtùpà sórí àpótí kan láàárín yàrá, fọ́tò ọmọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan láìsí ìlù, bí Bàbá ṣe wí. Kò sọ nǹkan kan. A kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí a dé ìlà ìkẹyìn, ó bá wa kọ ọ́. Ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n "ọ̀nà" rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà ló béèrè ẹni tó kọ ọ́. Mo ní opó kan ní Ìjẹ̀bú ni. Ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé fún òun ní lẹ́tà ńláńlá, nítorí ojú òun kò ríran dáadáa mọ́ lálẹ́, ìgbà yẹn gan-an ni òun sì máa nílò rẹ̀. Mo ya ewé kan nínú ìwé orin mi, mo kọ ọ́ síbẹ̀ lábẹ́ àtùpà. Ó fi sẹ́yìn fọ́tò ọmọ rẹ̀.

Lọ́la, òun la máa kọ́kọ́ kọ. Túngbá á tẹ̀ lé e.

Arábìnrin_Ìjẹ̀bú (Ìjẹ̀bú-Òde), ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 9:03 alẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, aago mélòó ni ìsìn yín máa ń bẹ̀rẹ̀? Mo fẹ́ máa kọ ọ́ níbí ní àkókò kan náà.

Aṣíwájú_Orin (Òṣogbo), ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 9:05 alẹ́

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, mà.